Ọdún Tí Mo Mu Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Mi

Ní Máfòlúkù nítòsí pápá bàálù Èkó, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàálù ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, tí páànù orí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí á dákẹ́, ẹni tó ń ṣe àwàdà á gbé ẹ̀rín dúró, àwọn tó ń jà pàápàá á kàn máa wo ara wọn lójú. Bó bá kọjá tán, kálukú á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a dé. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ ilé wa lè rò pé orí wa kò pé. Yàrá mẹ́jọ ni ilé náà ní, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan wà láàárín wọn. Yàrá kejì lápá òsì ni tiwa: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Káfíńtà ni bàbá mi. Iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ayùn rẹ̀ ló máa ń jí mi, ìyẹ̀fun igi sì máa ń wà nínú irun mi dé ilé ìwé. Ẹ̀yìnkùlé ni kànga wà. Èmi ni mo máa ń pọnmi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta kí n tó jókòó ti ọ̀gì àti àkàrà. Ẹ má kàánú mi o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, torí etí kànga la ti máa ń gbọ́ ọ̀ràn ilé kí ẹni tó lọ̀ràn tó gbọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá mi. Ààfáà ni bàbá tó bí i, kò fi í sí ilé ìwé, ilé kéú ló fi í sí. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ń fi gègé àti tàdáwà kọ ẹsẹ̀ Àlùkùránì sára wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéú ń kọ̀wé sí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ tún kọ́ ọ ní àǹjẹmí, ìyẹn kí èèyàn máa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Òun ló fi ń kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Èkó, òun ni bàbá rẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí A, B, D lára ògiri, kò mọ èwo ni èwo. Nítorí ìyẹn, aláìmọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Obìnrin tó ń kọ ìwé, tó ń ka ìwé, tí bàbá rẹ̀ fi ń yangàn, ó dé Èkó, wọ́n ní aláìmọ̀wé ni.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń wọlé jáde ní Ìsọlọ̀, ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn obìnrin bíi mọ́kànlá ló ń di abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú páálí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, ará Íńdíà kan sì bá ẹ̀rọ náà wá, òun nìkan ló mọ ìwà rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, àwọn obìnrin náà kò gbọ́ òyìnbó. Lọ́jọ́ kan, ó pariwo pé kí ọ̀kan nínú wọn má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ẹni yẹn rò pé ó ní kí òun yára ni. Ó fọwọ́ kàn án. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kejì ni mánéjà kó gbogbo wọn jọ, ó ní òun fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí kò bá gbọ́ òyìnbó iṣẹ́, kó máa lọ sílé.

Iná ni mò ń fẹ́ nígbà tí ìyá mi ń rò fún bàbá mi. Mo ṣì ń rí i bó ṣe jókòó sórí àpótí, tó ń já ẹ̀fọ́, tí kò gbé ojú sókè.

Bàbá mi ní, "Ṣé kí n wá bẹ mánéjà yẹn ni? Mo mọ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n."

"Bàbá Múní, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kì í ṣe àìsàn. Ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ ni. Pátákó ni kẹ́ ẹ bá mi fá."

"Wàláà?"

"Rárá o! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń wà lára wàláà. Pátákó lásán ni. Ẹ má ṣe ọwọ́ sí i, kó má bàa jọ ọ́."

Kó tó di ọjọ́ kejì, bàbá mi ti mú àjẹkù igi kan tó ṣẹ́ kù lára bẹ́ẹ̀dì oníbàárà, ó fá a títí ó fi ń dán. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọkùnrin yẹn. Igi ló fi máa ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ta ni olùkọ́? Èmi Múníràtù ni. Kíláàsì kẹrin ni mo wà, mo sì gbà pé kò sí òyìnbó tó kù tí mi ò tíì gbọ́. Mo we gèlè, mo di ìgbálẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ẹgba, mo ní kí ìyá mi jókòó dáadáa. Gbogbo ilé wá wòran. Ohun tó wà nínú ìwé mi ni mo kọ́ ọ: "This is a man. This is a pan. The goat is on the mat." Ìyá mi ń tẹ̀ lé mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi gègé sílẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ yìí, kí ló ń wá dé ilé iṣẹ́ wa? Bí ẹ̀rọ bá gbóná, kí ni mo máa sọ? Bí páálí ò bá pé ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ kó ní sùúrù kí n ká ọwọ́ mi kúrò ńkọ́?"

Mi ò mọ ọ̀kan nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, Gẹ̀ẹ́sì ewúrẹ́ orí ẹní ni. Ojú tì mí débi pé mo bínú sí i, mo ní tíṣà ló ń yan ohun tí wọ́n máa kọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi ń gbọ́ wa látìta, ó ní, "Múní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ bá ìyá rẹ wá ohun tó ń wá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá pọnmi, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní pápá bàálù tàbí ọ́fíìsì, mo ti dúró dè é. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí nǹkan bá gbóná, kí ni òyìnbó ń sọ? Bí kò bá tíì tó àkókò ńkọ́?" Àwọn kan á fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àwọn mìíràn á ní kí n kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó gbọ́ òyìnbó jù nílé wa ni Àǹtí Bísí, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní pápá bàálù, tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ jà ní òyìnbó kí a má bàa gbọ́. Bí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. "Ìyá Múní, English kì í ṣe kéú o! Ẹ ò lè kàn há a sórí lásán. It has grammar." Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ ṣáà fún wa ní ọ̀kan sí i." Kò jẹ́ bínú sí ẹni tó bá ní ohun tó ń wá lọ́wọ́.

Bó ṣe ń kọ́ ọ rèé, mi ò sì tíì rí ẹlòmíràn tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, tó bá ti darí dé láti ibi iṣẹ́, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé pátákó lé orúnkún, á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ní lẹ́tà Lárúbáwá láti apá ọ̀tún wá sí òsì, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tì í. Lẹ́tà Lárúbáwá kò ní èyí tó ń dún bíi "p" òyìnbó níparí "stop" àti níbẹ̀rẹ̀ "press", ó bá ya ẹsẹ̀ adìyẹ kékeré kan tì í, ó ní tòun nìyẹn. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá mì sẹ́yìn bí ọmọ kéú, á máa fi ohùn orin kà á: "Wait, dúró dè mí. Stop, dáwọ́ dúró. Hot, ó gbóná. Not yet, kò tíì tó àkókò. Off it, pa á. Careful, rọra. It is not complete, kò pé." Lọ́jọ́ kan ó bi mí ohun tí òyìnbó fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní "Well done." Ó kọ ọ́, ó wò ó, ó bi mí ohun tí wọ́n fi ń kí ẹni tó jókòó, ẹni tó ń tajà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ẹni tí òjò pa. Mo ní mi ò rò pé wọ́n ń kí àwọn yẹn. "Háà," ni ìyá mi wí, "wọ́n mà ń ṣe wàhálà o. Kí ni wọ́n wá ń bára wọn sọ?" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ohùn yẹn fi di ohùn ilé. Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré, obìnrin tó ń gún iyán lẹ́yìnkùlé ń fi "Not yet, kò tíì tó àkókò" gún un. Pátákó náà kún ní ojú kan, ó yí i padà, ojú kejì náà ń kún lọ.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ báyìí, nítorí mo ti dàgbà, mi ò sì lè máa gba ara mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú mọ́. Inú mi ò dùn. Ìyá mi ti ń kọjá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń da kẹrosíìnì sínú sítóòfù, Àǹtí Bísí sì tọ́ka sí àrọ tó fi ń dà á. Èmi ló kọjú sí. "Professor Múní, what is this?" Mi ò mọ̀. Mo wo ilẹ̀. Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Funnel." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Àǹtí Bísí fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá mi fi ayùn sílẹ̀ ó wá bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi, tíṣà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo lọ sétí kànga, mo sunkún. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún yẹn ni mo rí àkísà ìyá mi fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń dán ju aṣọ mi lọ.

Ohun tí mo wá ṣe rèé. Èmi náà ń lọ sí ilé kéú ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí a bá ti há ẹsẹ̀ kan sórí, Ààfáà wa á fi omi ṣan wàláà, á gba omi dúdú náà sínú abọ́, á fún wa mu kí ọ̀rọ̀ náà lè jókòó sínú wa. Hàntú là ń pè é. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ bá lè tinú omi wọ ikùn, kí ló lè dá "funnel" dúró? Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò ìyá mi. Òun wà níbi iṣẹ́, bàbá mi lọ ra ìṣó. Mo gbé pátákó náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi omi kẹ́tùlù àlùwàlá ṣan ojú rẹ̀ méjèèjì sínú abọ́ ńlá. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ń ṣàn lọ lójú mi, dúdú, ó ń rọra yọ́. Mo sọ Bísímílà. Mo mu gbogbo rẹ̀. Ó korò, ó ń rùn bí èéfín. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí òkúta, mo ń retí òyìnbó. Adìyẹ kan kọjá. Mo wò ó bóyá orúkọ tuntun á wá. Adìyẹ ló ṣì jẹ́.

Nígbà tí ìyá mi dé, tó na ọwọ́ sí ibi tí pátákó máa ń wà, ó rí igi funfun báláú. Kò béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó wò mí lẹ́nu. Ètè mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Múní. O ṣan án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O dà á nù?"

"Mo mu ún, mà."

Bàbá mi ti ń wá igi tó máa fi nà mí, igi ò sì ṣọ̀wọ́n nílé káfíńtà. Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè pé kó dúró. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbìyànjú láti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. "Wait, dúró dè mí. Stop, dáwọ́ dúró. Hot, ó gbóná..." Ó dé ibì kan, ó gbàgbé èyí tó kàn. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dé ibẹ̀, ó tún gbàgbé. Mo rí omi lójú ìyá mi, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Bàálù kan kọjá, gbogbo wa dúró kó lọ tán. Mo rò pé tó bá ti lọ, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu ìyá mi, kò ní jẹ́ kí n tún rójú dúró nílé yẹn. Ó nu ojú. Ó ní, "Ó dáa. Inú ikùn rẹ ni wọ́n wà. Ìwọ ni pátákó mi báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ ni màá gbé lọ."

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ̀ mí láṣọ ọdún Ìtunu, a gba Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀, ó bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi mí jókòó sórí páálí kan nítòsí ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè rí ẹ̀rọ náà. Mánéjà dúró, ó so táì mọ́rùn. Ará Íńdíà náà dúró tì í, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ jáde ń dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú "Yes sir," títí kan ìgbà tí wọ́n bi í ní orúkọ. Wọ́n ní kó bọ́ sápá òsì. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bọ́ sápá òsì. Ó kan ìyá mi.

"Madam, what will you do if the machine is hot?"

Ìyá mi yíjú, ó wo pátákó rẹ̀ tó jókòó lórí páálí. Mo wá gbogbo inú mi, mi ò rí nǹkan kan. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un, ara mi ló ṣe é fúnra rẹ̀: mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì, síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn, bí a ti ń ṣe lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi rí mi. Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀. Ó tún mì. Ó sì la ẹnu.

"Wait, dúró dè mí. Stop, dáwọ́ dúró. Hot, ó gbóná. Not yet, kò tíì tó àkókò. Off it, pa á..."

Mánéjà fẹ́ dá a dúró. Ará Íńdíà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá mi kọjá ibi tó ti ń gbàgbé, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kọjá ibẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó dúró, ó na ara rẹ̀ tọ́, ó ní, "Sir, if the machine is hot, I will off it. I will not touch. I will shout, hot! Then I will call this my oga." Ó fọwọ́ méjèèjì tọ́ka sí ará Íńdíà náà, torí ọwọ́ kan kò tó fún àgbà. Ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ. Ó ní kó bọ́ síbẹ̀. "Wait," ó ní. Ìyá mi dúró. "Not yet. Not yet. Now!" Ìyá mi fa abọ́ jáde. Lójijì ọkùnrin náà pariwo, "Stop!" Ọwọ́ ìyá mi ti kúrò kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé. Ará Íńdíà náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa rí eyín rẹ̀ nílé iṣẹ́ yẹn. "Well done, Mama," ló wí. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Well done to you too, sir."

Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lọ sílé. Àwọn tó wà lápá òsì, ìyá mi ni mánéjà fà wọ́n lé lọ́wọ́, ó ní kó kọ́ wọn bó ti kọ́ ara rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́ ọmọ ilé kéú láti Ọ̀yọ́ àti Ṣakí, aláìmọ̀wé bíi tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kún. Bàbá mi fá pátákó mẹ́rin sí i, ó ń súfèé. Àǹtí Bísí jáde, ó ní, "Congratulations, Ìyá Múní," ìyá mi sì ní, "Thank you, Aunty. You have tried for me. Come and sit down." Àǹtí Bísí jókòó. Mo gbé omi fún un, mo yọ̀ débi pé mo da ìdajì sí i lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi ti papò dà. Òkè-Àfà ni mò ń gbé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń jẹun, àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá kí mi nílé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Mo fi pátákó ìyá mi tó wà lára ògiri hàn wọ́n, mo ní, "Mo mu ún." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ìyá mi ò sùn nínú àga rẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn," ó ní. "Omi ló mu. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ wà."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Síwá, sẹ́yìn. "Wait, dúró dè mí. Stop, dáwọ́ dúró. Hot, ó gbóná." Bàálù kan ń bọ̀ lókè, fèrèsé ń gbọ̀n. Mo dákẹ́. Àwọn ọmọ náà dákẹ́. Ìyá mi kò dákẹ́.